Ìrẹsì Wà Lọ́wọ́ Ọ̀gá Rẹ, Omi Wà Lọ́wọ́ Gómìnà

Rárá o, Singaravelu, má bọ́ bàtà, má jókòó, má sì ṣẹ́jú sí àbúrò mi pé kó bu omi wàrà fún ọ! Ṣé o rí odi adágún bí o ṣe ń bọ̀? O ò rí i kẹ̀? Orí odi yẹn ni ọ̀nà abúlé wa Karungulam gbà, àfi tó bá jẹ́ pé o fò wá láti Madras, olú ìlú yín. Ó ti sán! Mo ti ọwọ́ bọ ojú ibi tó sán, ó gbà mí dé ìgúnpá, mo sì ń gbọ́ omi tó ń sọ̀rọ̀ nínú lọ́hùn-ún. Mo fi òrìṣà Aiyanar tó ń ṣọ́ adágún búra, mo gbọ́ ọ! Kí lo rò pé mo ṣe kó ìyàwó rẹ àti ọmọ rẹ wá sílé mi? Ilé rẹ ló kọ́kọ́ wà lábẹ́ odi. Ìwọ ń sùn ní Madras ní tìrẹ.

O ní kí ló dé tí a ò tíì rẹ́ ẹ? Dákẹ́, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Láti ayé àwọn baba ńlá wa, kí òjò oṣù Aippasi tó dé, ilé kọ̀ọ̀kan á mú ọkùnrin kan jáde pẹ̀lú ọkọ́ àti agbọ̀n, a ó gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún, a ó fi rẹ́ odi. Ọba kankan ò rán wa, òyìnbó kankan ò kọ́ wa. Ilé tí ò bá yọjú, omi ò ní dé oko rẹ̀. Ó parí.

Lọ́dún yìí ńkọ́? Ìwọ lo wá dúró lábẹ́ igi àjàgbọn, nínú kóòtù tó nípọn bí awọ ẹfọ̀n, tí òógùn ń bọ́ lára rẹ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ sè. O ní ká dìbò fún ọ̀gá rẹ. O ní tó bá ti di mínísítà, kò sẹ́ni tó tún máa ru ẹrẹ̀ ní Karungulam mọ́. Èmi Kandappan, tí n kì í gba àwọn oníkóòtù gbọ́, mo gba ọkọ àbúrò mi gbọ́! Mo ń lọ láti ilé dé ilé. Mo pọn bàbá arúgbó Nachimuthu lọ dìbò, ó sì sùn lọ lẹ́yìn mi bí ọmọ ọwọ́.

Ó wọlé, ó di mínísítà. A fọ́ àgbọn, a dúpẹ́, a so ọkọ́ rọ̀. Ìgbà tí odi sán, a ránṣẹ́ sí i. Kí ló wí? Odi adágún kẹ̀? Omi nìyẹn, omi ò sí lọ́wọ́ òun, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló wà lọ́wọ́ òun. Háà! Singaravelu, kí ni ìrẹsì ń mu? Ṣé atẹ́gùn ni? Ìrẹsì wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, omi tí ìrẹsì ń mu wà lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ gómìnà. Ẹja inú adágún, ti ọ̀gá rẹ ni. Omi tí ẹja wà nínú rẹ̀, ti gómìnà ni. Tí omi bá wá lọ tán, ṣé ẹja á dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ kí mínísítà máa jọba lé e lórí? Má rẹ́rìn-ín! Mi ò bá ọ ṣeré.

Òyìnbó pín ìjọba bí ẹní pín ilé ogún. Wọ́n ní kí ọ̀gá rẹ máa gbé inú yàrá, wọ́n wá mú kọ́kọ́rọ́ àti òrùlé lọ. Kí lo wí? Ìdajì ìjọba sàn ju kò sí lọ? Ó dáa. Ìdajì odi ńkọ́?

Ẹnjiníà gómìnà tí wọ́n fi ṣọ́ omi náà kúkú wá. Ó wọ ṣòkòtò funfun, ó wọn odi, ó mu omi àgbọn wa, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí òun á fi padà, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ọlọ́pàá ni. A ní ìrẹsì wa á bàjẹ́. Ó ní, tìrẹsì kọ́ ni tòun, ká lọ bá mínísítà. Látìgbà náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Wo ojú ọ̀run ní ìhà òkun. Ṣé o rí i bó ṣe dúdú? Gbogbo ilé ti mú ọkùnrin jáde, wọ́n ti ń lọ sórí odi báyìí, wọn ò dúró de ẹnjiníà. Ilé kan ló kù, ilé rẹ ni. Bọ́ kóòtù yẹn sọnù, ká ṣòkòtò rẹ sókè.

Ta ni? Ọlọ́pàá? Mo mọ̀! Wọn ò pín ọlọ́pàá fún ọ̀gá rẹ, ti gómìnà ni. Wọ́n á wá, wọ́n á fi kóńdó là mí lórí. Ibo ni wọ́n á gbé mi lọ? Ilé ìwòsàn. Ta ló sì ni ilé ìwòsàn? Sọ̀rọ̀, ṣebí ìwọ lo sọ fún wa! Ọ̀gá rẹ ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí gómìnà la orí mi, kí mínísítà rán an. Bí ìjọba méjèèjì ò bá ríra níbòmíràn láyé, wọ́n á ríra ní àtàrí Kandappan.

Gbé agbọ̀n, jẹ́ ká lọ!