Ìkúnlẹ̀ Tó Di Ẹ̀rí

Bàbá Tóyìn tó ń wa táàsì ní Tremont lókè òkun ló sọ ọ́ fún mi. Obìnrin méjì wọ ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n ń lọ sí kóòtù, inú sì ń bí èyí tó jẹ́ àbúrò.

"Àǹtí, ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì níléeṣẹ́ wa ló bàjẹ́, ọ̀gá ní èmi ni mo bà á jẹ́. Òun ló fẹ̀sùn kàn mí, òun náà ló jókòó dá ẹjọ́, òun ló lé mi!"

"Wọn ò gbọ́ tẹnu ẹ ni?"

"Wọ́n ní mo ti jẹ́wọ́, torí mo kúnlẹ̀."

"O kúnlẹ̀ fún òyìnbó!"

"Ó tó bí mi, ó sì ń jágbe mọ́ mi. Ṣé kí n nàró níwájú rẹ̀ ni? Mo kúnlẹ̀ kí inú rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀rí. Ará Íńdíà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé wọ́n lé òun náà báyìí nílùú wọn, kóòtù ní kí wọ́n gba òun padà, torí ẹni tó fẹ̀sùn kanni kò lè tún dá ẹjọ́ náà."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má kúnlẹ̀ fún òun náà o!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ta ni nínú yín tí kò kúnlẹ̀ bẹ àgbà rí lórí ohun tí kò ṣe?