Ìlà Gọ́tà Tí Mo Yẹ̀ ní Dilimi

Wọ́n máa so mí kọ́. Adájọ́ ti sọ ọ́, àwọn tí mo pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ti fọwọ́ sí i, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, n kò kọ ọ́ kí ẹ lè ṣàánú mi. Mo kọ ọ́ nítorí pé ọ̀ràn kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí ní kóòtù, méjì ni mo dá.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Ọdún tí wọ́n yọ Plateau kúrò lára Benue ni mo wọ ọ́fíìsì kánsù ní Jos. Iṣẹ́ mi ni kí n wọn ilẹ̀, kí n ya ibi tí títì àti gọ́tà máa gbà sórí máàpù, kí n sì kan èèkàn sílẹ̀ fún àwọn tó máa gbẹ́ ẹ.

Dilimi, àdúgbò kan létí odò ní Jos, ń kún fún èèyàn nígbà náà. Ojoojúmọ́ ni ilé tuntun ń yọ. Kánsù pinnu láti la gọ́tà ńlá kan tààrà já sí odò, kí òjò má baà gbé àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ. Ẹnjiníà wa, ọmọ Gyel nítòsí Jos, ní kí n kan èèkàn rẹ̀.

Ìlà náà gba àárín ilé tí alága ẹgbẹ́ ìlú wa ń kọ́ kọjá. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Jos. Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́.

“Ṣé o rí ilé mi ni, àbí ojú ń dùn ọ́?”

“Mo rí i, Bàbá Alága. Wọ́n ti ní kí ẹ má kọ́ ọ síbẹ̀.”

“Ta ni ‘wọ́n’? Ìwọ tí o sùn sórí ẹní mi fún oṣù mẹ́fà ni ‘wọ́n’ rán wá wó ilé mi? Kọ̀wé sí ìyá rẹ, sọ fún un pé o ti di ọ̀gá!”

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó mi ní, “Má dá wọn lóhùn. Omi ò ní béèrè ta ni alága.” Agbẹ̀bí ni, ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà.

Lọ́jọ́ Ajé, mo pa ìlà yẹn rẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ yí ilé Alága ká, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Ní Jos, ta ló máa jiyàn àpáta?

“Kai! Àpáta níbẹ̀ náà?” Ẹnjiníà fi Hausa bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“To, ó dáa, Malam. Ìwọ lo débẹ̀.” Ó fọwọ́ sí i.

Ìyàwó mi bi mí bóyá mo yẹ ìlà náà. Mo ní n kò yẹ̀ ẹ́.

Òjò ńlá kejì lẹ́yìn tí wọ́n parí gọ́tà náà, omi fò jáde níbi tí mo ti tẹ̀ ẹ́, ó sì yà sí ilé ìgbẹ̀bí. Ìyàwó mi kó àwọn abiyamọ jáde. Ó padà wọlé lọ wò bóyá ó ṣẹ́ ku ẹnì kan, ògiri sì wó lù ú. Kò ṣẹ́ ku ẹnì kankan níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Alága kó ẹgbẹ́ wá kí mi. Ó tẹ̀lé mi wọ ilé ìdáná.

“Àbúrò, ọ̀rọ̀ ìlà yẹn, má jẹ́ kó jáde lẹ́nu rẹ o. Ayálégbé ti wọlé mi.”

“Ìyàwó mi ńkọ́, Bàbá Alága?”

“Ọlọ́run ló mú un. Ọ̀dọ́ ṣì ni ọ́. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ á bá ọ wá òmíràn nílé.”

Ọmọ odó ìyàwó mi wà lára ògiri. Mo là á mọ́ ọn lórí. Ó ṣubú. Mo tún là á mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ni n kò lè sọ fún adájọ́ pé n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo kórìíra ọkùnrin náà títí dòní, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù mi. Èmi ni mo kọ àpáta síbi tí àpáta kò sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ṣiṣẹ́ kánsù, ẹni tó ṣe yín lóore máa wá bá yín. Ẹ fún un ní oúnjẹ yín, ẹ fún un ní ibùsùn yín, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un lójú títì bí ó bá fẹ́. Ẹ má fún un ní ìlà náà. Àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ láti bẹ̀ yín.