Aṣọ Tó Di Bébà

Níbi tí a ti ń dúró de takisí ní ìlú Massè ni mo ti gbọ́ bí ìyá kan ṣe ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ wí.

"Aṣọ bàbá rẹ tó kú lo gé, tí o rẹ sómi, tí o gún lódó?"

"Màámi, ẹ gbọ́ ná. Obìnrin ará Íńdíà tó kọ́ mi ní bébà ṣíṣe, aṣọ ìyá rẹ̀ ló fi ṣe bébà àkọ́kọ́ tó tẹ àwòrán sí, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́ tán."

"Ta ló sọ fún ọ pé kòkòrò ń jẹ tèmi?"

Ọmọ náà fa bébà kan yọ nínú báàgì. Ojú bàbá rẹ̀ ló tẹ̀ sí i. Ìyá kò wò ó. Ó gbà á, ó gbé e sí imú.

"Òórùn bàbá rẹ ti tán lára ẹ̀."

Takisí dé. Ìyá wọ ọkọ̀, kò sì dá bébà náà padà.