Irin Tí Mo Dè Mọ́ Apá Uwais

Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe orúkọ ọmọ yẹn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá tí ẹ pé jọ sí àdúgbò Minanata láàárọ̀ yìí, orúkọ mi ni Uwais fẹ́ fi sọ ọmọ rẹ̀. Abdulrazaq. Ó ní nítorí oore tí mo ṣe fún òun ni. Oore! Èmi tí mo ba apá rẹ̀ jẹ́! Bí mo bá dákẹ́ lónìí, ọ̀rọ̀ yìí á pa mí.

Ẹ mọ̀ pé èmi àti ẹ̀ jọ gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Tí Uwais bá fẹ́ jù ú láti ẹ̀yìn ilà, níbi tí ẹyọ kan ti ń jẹ́ póìǹtì mẹ́ta, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ á yà síta. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó yá. Wallahi, ẹ ò ní tíì pe "Bismillah" tán tí bọ́ọ̀lù á ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sáré bọ̀ wá dí i, afẹ́fẹ́ lásán ló máa gbá. Tèmi dùn ún wò, ó sì lọ́ra. Mo mọ̀ pé yíyá yẹn ni ẹ̀bùn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí a gbọ́ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ń bọ̀ láti Kàdúná wá dán wa wò, kí wọ́n mú ẹnì kan ṣoṣo, ìlara ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kofar Rini. Mo ní, "Uwais, ìgbọ̀nwọ́ ẹ ò dáa. Wọ́n á fi ẹ́ rẹ́rìn-ín." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe, don Allah." Ṣé ẹ gbọ́? Ó bẹ̀ mí! Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo mọ̀. Irin tó bá wọ́, ṣe là ń dè é mọ́ èyí tó tọ́ títí á fi gbọ́ràn. Mo ge irin pẹlẹbẹ méjì, mo fi ínjìsì tí géètì fi ń ṣí so wọ́n pọ̀, mo dè é mọ́ apá rẹ̀ kí ìgbọ̀nwọ́ má baà yà mọ́. Mo ní kó máa gbé bọ́ọ̀lù ga, kó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó jù ú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Àlímátù ìyàwó rẹ̀ wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, apá yẹn ti wú o. Kì í lè sùn." Mo lè tú u nígbà yẹn. Èmi ọ̀dájú, mo ní kó fi omi gbóná jó o. Ní ọjọ́ kejì, mo tún fún irin náà le sí i.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tọ́. Ó gbé bọ́ọ̀lù ga, ó ń kà, wọ́n gbá a dànù. Ó tún gbé e, wọ́n tún gbá a. Ìgbà mẹ́sàn-án! Ó ń wò mí bíi pé kí n sọ ohun tóun ṣe tí kò tọ́. Mo pariwo sí i pé, "Má kánjú!" Èmi ni wọ́n mú.

Apá ọ̀tún yẹn ò nà tán mọ́ láti ìgbà náà. Télọ̀ ni Uwais, ẹ ti rí bó ṣe ń fi ọwọ́ òsì gé aṣọ. Ó ní kádàrá òun ni. Ó ní èmi nìkan ni mo gbìyànjú láti tún òun ṣe.

Àfáà, ẹ wá orúkọ mìíràn fún ọmọ tí kò ṣẹ̀ yìí. Uwais, mo kúnlẹ̀. Bú mi. Lé mi jáde. Don Allah, ìwọ tí o ṣì ń fi apá yẹn gbé ọmọ ẹ mọ́ra, má kàn máa wò mí. Sọ̀rọ̀.