Sálúbàtà Tí Ẹ Fún Fàájì Jẹ

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín sí mi lójú, àbúrò ọkọ mi! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ awọ yìí sílẹ̀ ná, kí ìbínú má lọ lo ọwọ́ mi. Ó yá, ẹ jókòó. Ẹ jókòó sórí àpótí tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí yẹn, kẹ́ ẹ fetí sí mi, torí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, bí mi ò bá sọ ọ́ síta, ó máa pa mí.

Ta ló ní kẹ́ ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín? Mo bi yín, ta ló rán yín? Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ̀yin wá pè wọ́n lórí fóònù, ẹ ní Fàájì ti ya wèrè, ẹ ní ajá ilé ti ń jẹ bàtà oníbàárà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní ìkóríta wá mú un lọ. Ariwo ọkọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀, wọ́n ní kò burú. Ló bá parí! Ẹ ti fi Fàájì mi ta ọlọ́dẹ lọ́rẹ kí n tó fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́!

Ọlọ́dẹ yẹn ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń fi ajá ṣe? Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ ti rí èyí tó ní tẹ́lẹ̀, tó fi ṣéènì so mọ́ géètì, tí kò fún lóúnjẹ, torí ó ní ebi ló ń mú ajá rorò. Ibẹ̀ lẹ fẹ́ kí Fàájì lọ. Fàájì tó jẹ́ pé bí ọmọ kékeré bá tẹ̀ ẹ́ nírù, ńṣe ló máa dìde wúyẹ́, táá lọ wá ibòmíràn sùn sí!

Kí lẹ wí? Pé ó jẹ bàtà? Ó jẹ ẹ́ ná! Ṣé mo ní kò jẹ ẹ́ ni? Mo ń bi yín pé ta ló kọ́ ọ!

Ẹ wo yàrá yìí. Ẹ wò ó dáadáa. Bàtà nílẹ̀, bàtà lórí pẹpẹ, bàtà lábẹ́ bẹ́ǹṣì, awọ níbí, awọ lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ bàtà ni mò ń ṣe, òórùn awọ la fi ń jí nílé yìí. Ibo ni ajá tún lè gbé tó máa ṣòro fún un tó báyìí? Ó dà bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ ọlọ́mọ kalẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń din ẹran, tó wá ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Àmọ́ Fàájì gbé ibẹ̀ o! Ó gbé ibẹ̀ láìfi eyín kan bàtà ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ rò pé ó ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀ ni? Nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta awọ fún mi, kékeré ni, bàtà ọkùnrin kan lásán tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Ó gbé bàtà, mi ò pariwo. Mi ò lé e, torí tẹ́ ẹ bá lé ọmọ ajá, eré ló máa rò pé ẹ ń bá òun ṣe, á gbé bàtà náà sá wọ abẹ́ ibùsùn. Màá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, màá na okùn tí mo ta ní kókó sí i, màá ní, “Fi sílẹ̀.” Ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Màá wá dúró. Bó bá fi sílẹ̀, màá ní ó ṣeun, màá fún un ní ẹran díẹ̀, màá fún un ní okùn ẹ̀ kó máa rún un lẹ́nu. Bí mo ṣe ṣe é lánàá ni mo ṣe é lónìí. Inú mi dùn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Oníbàárà ti bí mi nínú dójú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò sí oògùn kankan nídìí ẹ̀! Kí ọ̀rọ̀ yín má yí padà, kí ọwọ́ yín má sì bà á lẹ́rù, kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n yín gan-an tí ohùn wọn dà bíi hóònù ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, mo kọ́ wọn! Wọ́n á wọlé, wọ́n á máa jágbe, “Ajá! Gbé e jù síbẹ̀!” Màá ní, bàbá àwọn ọmọ, “fi sílẹ̀” là ń sọ nílé yìí, ẹ sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Wọ́n kùn, wọ́n kùn, wọ́n ní ṣé àwọn tún máa tọrọ àyè káwọn tó bá ajá sọ̀rọ̀ nílé àwọn ni. Àmọ́ wọ́n kọ́ ọ. Àwọn ọmọ kọ́ ọ. Ìyá yín, ìyá àgbàlagbà, tí wọ́n wá kí wa, wọn ò já oúnjẹ sílẹ̀ fún un látinú àwo wọn, wọ́n ní àwọn ò ní í ba ohun tí ìyàwó àwọn tò jẹ́. Gbogbo ayé kọ́ ọ, àfi ẹ̀yin!

Ẹ̀yin dé, a gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, mo ní kẹ́ ẹ máa bọ̀, ilé yín ni. Mo kó àwọn ọmọ kúrò ní yàrá wọn nítorí yín, orí àga ni wọ́n ń sùn. Mo ń pè yín ní Eyínfúnjowó, mo ń bu oúnjẹ yín kí n tó bu tèmi. Ibi tẹ́ ẹ bá ti jẹun tán lẹ máa ń fi àwo sí, títí eṣinṣin á fi kí i káàbọ̀. Ṣé mo sọ̀rọ̀? Fàájì tó jẹ́ ajá máa ń fẹnu ti àwo tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó bá jẹun tán o! Mi ò sọ̀rọ̀.

Nǹkan kan péré ni mo bẹ̀ yín. Ibi tí mo dúró sí yìí ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà. Mo ní, Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ajá yìí ní bàtà ṣeré, kì báà jẹ́ èyí tó ti gbó, kì báà jẹ́ èyí tá a fẹ́ dà nù. Ẹ ní kò burú. Ẹnu yín yìí lẹ fi ní kò burú!

Àṣé ẹ̀yìn mi lẹ ń dúró dè. Kí n kàn lọ ra ìṣó báyìí, ẹ̀yin àti Fàájì, ó di ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jù sálúbàtà yín tó ti já sí i, ẹ mú etí kan, ó mú etí kejì, ẹ ń fà á, ẹ ń pariwo, “Mú un! Fà á ya! Akọni!” Alágbàfọ̀ tó ń sáṣọ lẹ́yìn ilé ló sọ fún mi lónìí. Ó ní òun rò pé mo mọ̀ sí i ni, torí ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe é. Ojoojúmọ́!

Hẹn? Pé sálúbàtà yín ni, ohun tó bá wù yín lẹ lè fi ṣe? Ẹ gbà mí o! Ẹ wá ṣàlàyé fún mi, Fàájì á ṣe mọ̀ pé èyí jẹ́ ti Eyínfúnjowó, kóun máa jẹ ẹ́ lọ, èyí jẹ́ ti oníbàárà, kóun jìnnà sí i? Ṣé ó máa bi bàtà léèrè orúkọ olówó ẹ̀ ni? Èyí tẹ́ ẹ fún un ń run ẹsẹ̀, èyí tó wà lórí bẹ́ǹṣì mi ń run ẹsẹ̀. Ká ní ilé ẹlòmíràn lẹ ti ṣe é ni, wọn ì bá kàn fi rẹ́rìn-ín. Ilé aránbàtà lẹ wà o! Nínú ilé aránbàtà lẹ ti kọ́ ajá pé bàtà ni oúnjẹ!

Bàtà wo ló sì wá lọ gbé, nínú gbogbo èyí tó kún ilẹ̀? Ti olùkọ́ obìnrin tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Bàtà tí mo gbé àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ ga, tí mo ń fá díẹ̀, tí mo ní kó rìn kí n wò ó, tí mo tún ń fá díẹ̀. Lọ́jọ́ tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí pẹpẹ láìfi ọ̀pá tilẹ̀, ó yíjú sí mi, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ku kí n rán etí ẹ̀. Òní ló ní kóun wá gbé e, kóun lè wọ̀ ọ́ padà síwájú àwọn ọmọ iléèwé òun. Ó dúró níbí tòun tọ̀pá, mò ń wá bàtà, mi ò rí i, àfi bí Fàájì ṣe gbé e wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ti jẹ ẹ́ ní àjẹdélẹ̀, ó ń ju ìrù. Ta ló gbé e wá bá? Ẹ dá mi lóhùn! Kò gbé e sá. Kò gbé e pa mọ́. Ọ̀dọ̀ yín ló gbé e wá tààrà, ó fẹ́ kẹ́ ẹ di etí kejì mú kẹ́ ẹ bá òun fà á. Inú ẹ̀ ń dùn!

Kí lẹ wá ṣe? Ẹ ja awọ tí mo fi ń pọ́n ọ̀bẹ kúrò lára ògiri, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Ajá tí ẹnikẹ́ni ò nà rí! Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kóun sá. Ó lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ojú yín, bàtà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Mò ń ké pé ẹ dáwọ́ dúró, ẹ ò gbọ́. Ẹ wá yíjú sí oníbàárà mi, ẹ ní, “Ẹ má bínú mà, ìyàwó wa ló bà á jẹ́, wọn kì í nà án.” Èmi! Lójú oníbàárà mi, nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Èmi ni mo bà á jẹ́! Mi ò ní í ṣépè fún yín, torí ọmú kan náà lẹ̀yin àti ọkọ mi mu, àmọ́ ẹnu ń yún mi o. Ẹnu ń yún mi gan-an!

Kí lẹ tún sọ? Ajá lásán? Ẹ tún un sọ.

Ó dáa, ẹ wá wò ó. Ẹ rí òòlù yìí? Ìró ẹ̀ ni Fàájì fi ń sùn láti kékeré. Bí mo bá ń kan ìṣó, ńṣe ló máa ń hanrun lábẹ́ bẹ́ǹṣì, táwọn oníbàárà á máa bi mí bóyá adití ni. Ẹ máa wò ó báyìí, mi ò kan nǹkan kan o, mo kàn fẹ́ gbé ọwọ́ sókè ni… Ẹ rí i? Ẹ rí i bó ṣe ń gbọ̀n lẹ́yìn àpò awọ yẹn? Ó ti tọ̀ sílẹ̀. Fàájì, má bínú. Èmi ni. Mo ti gbé e sílẹ̀, wò ó, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Kò fẹ́ wá. Ẹ rí i pé kò fẹ́ wá?

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹ má rò pé bàtà ni. Bàtà, màá tún òmíràn ṣe, mo ti bẹ olùkọ́, ó tiẹ̀ tún jẹ́ òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún, ó ní òun á ṣì máa fi ọ̀pá lọ ná. Ọwọ́ mi yìí ló ń dùn mí. Ọwọ́ tí Fàájì máa ń gbé orí lé, òun ló ń sá fún. Ó ń dùn mí wọ inú egungun, ẹ̀yin sì jókòó síbẹ̀, ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín!

Ẹ ní kí lẹ̀gbọ́n yín sọ? Pé wọ́n ti sọ̀rọ̀, ó ti tán? Orí irọ́ ni wọ́n ti sọ̀rọ̀! Ṣé ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ? Ṣé ẹ dárúkọ sálúbàtà? Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ti wá ń wolẹ̀. Ilẹ̀ ò ní í bá yín dáhùn.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ẹ máa pe ẹ̀gbọ́n yín lójú mi, kẹ́ ẹ sọ òtítọ́. Ẹ máa lọ bá ọlọ́dẹ ní géètì ẹ̀ kó tó gbéra, kẹ́ ẹ ní kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Tó bá di ọ̀la, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ máa jókòó sí nítòsí Fàájì, ẹ ò ní í pè é, ẹ ò ní í fọwọ́ kàn án, ẹ ò ní í gbóhùn sókè, títí tó fi máa wá bá yín fúnra ẹ̀. Kì báà jẹ́ pé irun yín máa funfun síbẹ̀!

Ẹ ò ṣe? Kò burú. Ẹ yọjú wo ẹnu ọ̀nà. Ẹrù ta nìyẹn? Ẹ wò ó dáadáa. Mo ti dì í nígbà tẹ́ ẹ ń sùn lọ́sàn-án, kò ku ohunkóhun yín nínú yàrá àwọn ọmọ. Ẹnì kan máa kúrò nílé yìí nírọ̀lẹ́ yìí, mo fi Ọlọ́run búra, kì í ṣe Fàájì. Bí ọlọ́dẹ bá dé, tó ní òun ò ní í padà lọ́wọ́ òfo, ẹ̀yin ni màá fà lé e lọ́wọ́, kó lọ so yín mọ́ géètì!

Fóònù mi rèé. Ó ti ń dún níbi tí ẹ̀gbọ́n yín wà. Ẹ má dìde! Hẹ̀lóò? Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Rárá, àlàáfíà ni. Ẹ kọ́kọ́ ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kẹ́ ẹ paná ẹ̀, kẹ́ ẹ lè gbọ́ mi. Ẹ ti pa á? Àbúrò yín ló fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Ó yá, wọ́n ń gbọ́ yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ajá o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ara yín.