Oúnjẹ Eegun

Ní ìdíkọ̀ Ifangni, níbi tí a ti ń dúró kí takisí tó ń lọ sí Ko-Koumolou kún, àgbàlagbà méjì jókòó sẹ́yìn mi. Ọ̀kan gbé ìgò hóró oògùn kan dání, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Oògùn làkúrègbé tún ni?”

“Kì í ṣe oògùn. Ẹni tó ń tà á ní oúnjẹ eegun ni.”

“Oúnjẹ! Ìgò mélòó ni eegun rẹ ti jẹ?”

“Márùn-ún. Ó ní ìgò kẹfà ló máa ń ṣiṣẹ́.”

“Márùn-ún tó ṣáájú ńkọ́? Ṣé àwọn aṣọ́bodè ló dá wọn dúró ni?”

“Máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mò ń wá kò ju kí n tún fi iwájú orí kan ilẹ̀ kírun. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kírun lórí àga.”

“Ẹni tó ń tà á fún ọ, ṣebí mọ́sálásí kan náà lẹ jọ ń lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé òun máa ń fi iwájú orí kan ilẹ̀?”

“Àga tirẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.”

“Háà! A jẹ́ pé ẹni tó ń ta oúnjẹ ló ń gbààwẹ̀!”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, onígò náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìgò, ó gbé hóró méjì mì láìmu omi.

Èmi ni mo máa ń ra irú rẹ̀ fún ìyàwó mi títí ó fi kú. Bí ó bá ti rí i pé mò ń wo òun, á ní orúnkún ti ń fúyẹ́.