Ojú Ewé Mosún Tí N Kò Jẹ́ Kó Dé Ìkànnì Tuntun

Comfort, ìyá Mosún, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹ má bàa rò pé mo kàn ya ìkà lásán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ ló ń dà mí láàmú báyìí. Tèmi ni. Mo ti gbé e sínú fún oṣù mélòó kan. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Comfort wá bá mi sọ̀rọ̀ kan nílé, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Ọ̀kà. Nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa kọ́kọ́ ṣí ìkànnì ayélujára, mo fi ọdún méjì kó ìtàn àwọn ìyá àgbà ìlú jọ. Mo gun òkè, mo dé oko, mo jókòó ti àwọn tí etí wọn ti di. Comfort ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo kó ìwé náà fún un kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó jáde, orúkọ tirẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n pè é síwájú ìjọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó.

Nígbà tó yá, ìkànnì náà kì í ṣí dáadáa lórí fóònù mọ́, ẹni tó kọ́ ọ sì ti lọ sókè òkun. Ẹgbẹ́ ní ká tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Bísọ́lá, obìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkàrẹ́. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ó bi wá pé, "Kí lẹ fẹ́ kó lọ, kí lẹ fẹ́ fi sílẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn láti mọ ìdí nǹkan. Mo bi í bóyá ojú ewé máa ń kú. Ó rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ fi wé ẹni tó ń kó kúrò nínú ilé àtijọ́. Ohun tí ẹ kò bá dì, á bá ilé yẹn wó."

Alága wa ní, "Ẹ gbé e fún Tíṣà. Bó bá máàkì í tán, ìdajì ìlú á féèlì."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ṣe di tèmi. Èmi ni mo ń sàmì sí ojú ewé tó máa kọjá. Òfin ẹgbẹ́ ni pé àgbà méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ojú bàbá tó jẹ́ ìkejì mi ti ń ṣú. Ó ní ohun tí Tíṣà bá ti rí, òun náà ti rí i, ó sì fọwọ́ sí i.

Mosún ni ọmọ kan ṣoṣo tí Comfort bí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kó tó kú, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí ìkànnì náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi bí a ṣe ń kíni, ní èdè Ọ̀kà gan-an, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

N kò sàmì sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, inú kò bí mi lọ́jọ́ náà. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mo kàn fẹ́ wò ó ni. Báwo ni yóò ṣe rí lára Comfort, bí ohun tó jẹ́ tirẹ̀ bá pòórá, tí kò sì rí ẹni tó máa dá lẹ́bi?

Bísọ́lá ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń da nǹkan kọ sórí fláàṣì, ohun pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n máa ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n tó ti ìkànnì àtijọ́ pa, mo da ohùn náà kọ, mo sì fi pamọ́. Mo ní mo máa dá a padà lọ́jọ́ tí Comfort bá jẹ́wọ́. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Mosún húkọ́ díẹ̀ láàárín, ó ní, "Ẹ má bínú," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tí Comfort béèrè ojú ewé ọmọ rẹ̀ ní ìpàdé, Bísọ́lá wá a títí, kò rí i. Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Ẹ̀rọ ló gbé e mì." Wọ́n gbà mí gbọ́, torí pé tíṣà ni mí.

Bí mo bá gbé fláàṣì náà fún un, gbogbo ìlú á mọ ohun tí mo ṣe. Bí mo bá rọra fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ṣé ìyẹn náà tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ohun tí Comfort sọ nígbà tó wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá rèé, ìdúró ló sì wà títí tó fi sọ ọ́ tán:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni ìtàn àwọn ìyá yẹn. Mo jí i ni. Mo ti ní kí Bísọ́lá kọ orúkọ yín síbẹ̀. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ Mosún níwèé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rántí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Mo ti ń gbàgbé ohùn rẹ̀."